Àwọn Irin Tí Ọkọ Mi Kò Gbọ́

Etí ọkọ mi ti di fún ọdún méje gbáko kí ilé-iṣẹ́ wọn tó kógbá sílé, bẹ́ẹ̀ etí ló ń fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi nìkan ló mọ̀. Ẹ má tíì bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ. Mò ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ mú sùúrù.

Lọ́rì ni wọ́n ń ṣe. Alágbẹ̀dẹ ni gbogbo ayé ń pe ilé-iṣẹ́ náà, nítorí alágbẹ̀dẹ ni baba tó dá a sílẹ̀, ọkọ́ àti àdá ló ń rọ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ fún wa pé lọ́rì rẹ̀ àkọ́kọ́, pákó ni wọ́n fi kan ilé rẹ̀, ṣéènì bíi ti kẹ̀kẹ́ ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kò sì sí gíláàsì níwájú. Kí awakọ̀ tó dé ibi tó ń lọ, ìyàwó rẹ̀ gan-an ò ní dá a mọ̀ nínú eruku. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe Onímú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà á rántí Onímú, iwájú rẹ̀ gùn síta bí imú ẹni tó ń gbóòórùn ohun tí wọn ò pè é sí. Ó kó gẹdú, ó kó òkúta, ó kó sójà lọ sójú ogun, ó sì kó ìwọ̀nba tó kù bọ̀ wálé. Lódìkejì odò, ilé-iṣẹ́ kejì ń ṣe Olójú-pẹlẹbẹ, tí kò nímú rárá. Ó yára ju tiwa lọ, ó sì ń gba ẹrù jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn awakọ̀: "Olójú-pẹlẹbẹ á tètè gbé ẹ débẹ̀, Onímú á gbé ẹ padà sílé."

Yàrá kan ló jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Irin kan wà lábẹ́ lọ́rì tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ, òun ló so sítíárìn mọ́ táyà iwájú. Apá náà la máa ń pè é. Bí bíréèkì bá já, awakọ̀ ṣì lè wá igbó kan kọrí sí. Bí apá bá dá, ó parí nìyẹn, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju rìǹgì kan tó ń yí lásán lọ. Irú irin bẹ́ẹ̀ ló dá lábẹ́ lọ́rì kẹta tí Alágbẹ̀dẹ ṣe, àbúrò rẹ̀ ló sì ń wà á lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni Alágbẹ̀dẹ ti pàṣẹ pé apá kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ènìyàn gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n á fi okùn so ó rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n fi aṣọ nínípọn bo ògiri rẹ̀, wọ́n á fi òòlù kékeré kàn án lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó dára á ké, ohùn rẹ̀ á pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ bíi ti aago. Èyí tó sán nínú á kàn wí pé "pọ́", á dákẹ́. Ojú kò lè rí irú sísán bẹ́ẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Àwọn mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ ní yàrá yẹn, agbọ́rin là ń pè wọ́n. Agbọ́rin kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀ tó máa ń lù sára irin tó bá gbọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa mú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹyẹ ni ti ọkọ mi, ìlà mẹ́ta tó pàdé nídìí. Nígbà tí àwọn tòdìkejì odò ra ẹ̀rọ tó ń yẹ inú irin wò, àwọn ọmọ Alágbẹ̀dẹ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní iná mànàmáná lè lọ, ṣùgbọ́n etí ènìyàn kì í lọ.

Àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Etí a máa lọ.

Èmi náà, ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́. Ìjókòó awakọ̀ ni mò ń rán, lẹ́dà dúdú, òwú onílọ̀ọ́po mẹ́ta, ìka mi kò sì tíì nà tán títí dòní. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi. Elétí-Ehoro ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Tí àwa obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wa, á wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀hún lọ́hùn-ún, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnu wa ò sì lè gba ara wa sílẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ ohun gbogbo.

Bí mo ṣe mọ̀ pé etí ti lọ nìyí: mo bú u láti ẹ̀yìn, kò bú mi padà. Ọkọ mi, tí kì í jẹ́ kí èébú délẹ̀ kó tó dá a padà! Mo tún un sọ, mo fi ìyá rẹ̀ kún un, ó ń ki okùn bọ bàtà rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Mo wá yí síwájú rẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó mọ̀ pé mo ti mọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

"Ìyá Dáwódù, má sọ fún wọn," ló wí. "Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lé mi. Ilé tá a wà yìí, ilé wọn ni. Níbo la máa gbé ọmọ gbà?"

Dáwódù, ọmọ wa kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. Mo ní kò burú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, n kò sọ pé ó fipá mú mi. Mo ní kò burú, mo sì di olùkọ́ rẹ̀. Tá a bá ń jẹun, màá máa sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn jáde kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ètè. Lọ́dọọdún ni nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ máa ń yẹ etí àwọn agbọ́rin wò. Á fi nǹkan bò wọ́n létí, á máa tẹ bọ́tìnnì, àwọn á máa na ọwọ́ tí wọ́n bá gbọ́. Èmi tí mo tẹ̀ lé e lọ ni mo ṣàkíyèsí pé nọ́ọ̀sì náà máa ń ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ tó bá ti tẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi. Ọdún méje ló fi wo ojú nọ́ọ̀sì, wọ́n tiẹ̀ yìn ín pé etí rẹ̀ ṣì dà bíi ti ọmọ ogún ọdún.

Mo bi í nígbà kan pé báwo ló ṣe ń gbọ́ àwọn irin náà. Ó ní ọwọ́ òun ló ń gbọ́, pé tí òun bá fi àtàǹpàkò kan okùn, òun á mọ̀ ọ́n lára. Mo gbà á gbọ́, ó rọrùn fún mi láti gbà á gbọ́. Ọdún tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa ló tó sọ òtítọ́ fún mi. Kò mọ nǹkan kan lára. Tí wọ́n bá kó ọgọ́rùn-ún irin wá, á lu àmì rẹ̀ sára mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, á sì ju mẹ́ta nù, torí iye tó máa ń jù nù nìyẹn nígbà tí etí rẹ̀ ṣì dá. Mẹ́ta tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà bà. Kò mọ̀ bóyá àwọn mẹ́ta yẹn gan-an ló dára jù.

Àwọn tòdìkejì odò ló ra Alágbẹ̀dẹ níkẹyìn, tí wọ́n sì tì í pa. Wọ́n gé àwọn ẹ̀rọ ńláńlá sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó wọn lọ fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Onímú kan já bọ́ láti orí afárá, awakọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kú. Ìwé ìròyìn ní awakọ̀ sùn lọ ni. Ọkọ mi ka ìwé ìròyìn náà títí tó fi ya lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin. Èmi ni mo ń sọ fún un pé oorun ni, ṣebí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé oorun ni. Mo fi ìbínú sọ ọ́ torí ẹ̀rù ń bà mí. Lẹ́yìn ìyẹn a kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọdún gorí ọdún, Onímú di arúgbó, arúgbó sì di ọ̀wọ́n. Àwọn ọkùnrin tó yẹ kí wọ́n wà nídìí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, wọ́n ń fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, wọ́n ń jiyàn lórí ọdún tí wọ́n pààrọ̀ iná iwájú rẹ̀. Dáwódù wa kò kúkú ka ti ẹwà rẹ̀ sí. Awakọ̀ lòun, lọ́rì àwọn ẹlòmíràn ló ti ń wà láti ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì fẹ́ wa tirẹ̀. Ó ní Olójú-pẹlẹbẹ ayé òde òní, kọ̀ǹpútà ló kún inú rẹ̀, tó bá ti ṣòjòjò, mẹkáníìkì kankan ò lè fọwọ́ kàn án. Ó ta ilẹ̀ rẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ra Onímú kan tó ti ń kú lọ lẹ́yìn ilé ìlagi kan.

Oṣù méjìdínlógún ló fi tún un ṣe. Ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, ó wá bàbà, ó wá róbà, ó kun ún ní àwọ̀ ewé. Èmi ni mo rán ìjókòó rẹ̀. Mo mọ̀ pé ara àwọn tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ni, mo sì ń gbàdúrà pé kó jẹ́ àmì agbọ́rin mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣebí mẹ́rin ni wọ́n.

Ọjọ́rú ló wà á wálé. Ó fọn fèrè rẹ̀ níwájú ilé, gbogbo àdúgbò jáde. Ó fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sábẹ́ lọ́rì, ó tan iná sí i.

"Bàámi, ẹ wò ó! Ẹsẹ̀ ẹyẹ!" Ó ti mọ́ ọn lára láti máa kọjú sí bàbá rẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ ogbó ló rò pé ó gba etí rẹ̀. "Lọ́rì mẹ́fà ni mo yẹ̀ wò kí n tó ra èyí. Tiyín ni mò ń wá. Mo ní irin tí bàbá mi ò bá gbọ́, mi ò ní gbé e rìn."

Ọkọ mi jáde lábẹ́ lọ́rì, òógùn ti bò ó lójú. Ó ní ooru ló mú òun.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni Dáwódù máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta láti orí òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà òkè òkúta, ẹ mọ̀ pé ọ̀gbun jíjìn ló wà lápá òsì, kò sì sí irin ìdènà kankan. Ọkọ mi ní kí n dákẹ́. Ó ní àwọn tó dára ló pọ̀ jù, kí n má ba ayọ̀ ọmọ jẹ́. Mo dákẹ́ ní Ọjọ́rú, mo dákẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo rí Dáwódù tó ń fi aṣọ nu imú lọ́rì náà, tó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sọ ọ́ fún un látòkèdélẹ̀, láti orí nọ́ọ̀sì títí dórí afárá.

Ó gbé jáàkì, ó wọ abẹ́ lọ́rì, ó sì tú apá náà jáde. Ó fi okùn so ó rọ̀ lórí igi àjà ibi tó ń gbé irinṣẹ́ sí, ó wá lọ fa bàbá rẹ̀ wá.

"Bàámi, ẹ kàn án."

Ọkọ mi wò mí. Ó ti mọ̀ pé mo ti sọ. Kò bú mi, ó gba òòlù. Ó fi ọwọ́ kejì dá irin náà dúró títí kò fi mì mọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un, ó sì kàn án.

Pọ́.

Ó tún kàn án. Pọ́. Kódà èmi tí mi ò mọ̀ ju òwú àti abẹ́rẹ́ lọ gbọ́ ọ. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn fi igi lu àpò ìyẹ̀fun. Ọkọ mi gbójú sókè, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀ bó ṣe wo ojú nọ́ọ̀sì fún ọdún méje.

"Kí ló wí?" ló bi í.

Dáwódù kọjú sí i dáadáa. Ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà kí bàbá rẹ̀ lè rí i kà. "Ó ké, Bàámi. Ó ké bí aago."

Ọkọ mi jókòó sórí táyà kan, ó bo ojú rẹ̀. Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Mo rò pé àánú bàbá rẹ̀ ló ṣe ọmọ mi, inú mi sì dùn sí i lọ́jọ́ yẹn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n n kò ríran.

Dáwódù kò lọ sórí òkè ní Ọjọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá apá mìíràn káàkiri ibi tí wọ́n ń ta àlòkù irin, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé táyà lòun ń wá. Èyí tí ìpẹtà kò bá ti jẹ láti inú, ẹsẹ̀ ẹyẹ ló wà lára rẹ̀. Ó bẹ alágbẹ̀dẹ kan, ìyẹn ní òun kì í rọ ohun tí ẹ̀mí ènìyàn bá rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń dá apá tó sán yẹn padà sábẹ́ lọ́rì, tó ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe.

"Lọ́rì tí ò bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, ta ló máa wò ó, Màámi?"

Ọjọ́ kejì ni oníbàárà tó fẹ́ rà á dé. Awakọ̀ ni, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti ìyàwó rẹ̀ títí tí wọ́n fi rìn yí lọ́rì náà ká. Sìmẹ́ǹtì ló fẹ́ máa fi kó kọjá òkè. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ lọ́rì, ó tan iná, ó kígbe pé òun ti rí àmì náà, pé bàbá òun sọ fún òun pé Onímú tó bá ní àmì, kí òun má jẹ́ kó lọ.

Ọkọ mi gbọ́n ara rẹ̀ nù, ó jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó nà ró bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Èmi ni mo gbọ́ ọ," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, a tún un gbọ́. Ó ké bí aago. Bi ọmọ mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo fa Dáwódù wọ inú ilé, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé o máa sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni?"

"Dáwódù! Ọmọ ẹlòmíì ni!"

"Èmi náà, ọmọ ẹnì kan ni mí, Màámi. Ọmọ yín ni mí." Kò gbé ohùn sókè. "Ilẹ̀ mi ti lọ. Iṣẹ́ mi ti lọ. Tí mo bá sọ fún un, màá sọ fún aráyé nìyẹn, wọ́n á wá bi Bàámi léèrè afárá. Wọ́n á bi ẹ̀yin náà. Ọdún méje lẹ fi dákẹ́ nítorí mi. Ẹ kàn fi ọjọ́ kan péré kún un."

Mo ní ẹnu, ẹ ti mọ̀. Mo ti fi ẹnu mi lé fọ́máànù kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ti fi bú ọkọ mi láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ yẹn, òwe kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, báyìí ni wọ́n ṣe ń wí, mo sì kórìíra ẹni tó kọ́kọ́ wí i. Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n ti parí ohun gbogbo, tí ẹ́ńjìnnì ti ń dún, ìyàwó ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ padà. Ó sáré wá bá mi, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mú ọwọ́ mi.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbàdúrà sí i. A ò ní ìyá mọ́, àwa méjèèjì. Ẹ̀yin àgbà ni Ọlọ́run máa ń gbọ́ tiyín."

Mo wo Dáwódù. Ó ń wo ilẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ mi lé imú lọ́rì, irin náà gbóná, ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Ọkọ rẹ̀ ṣí fìlà rẹ̀ nínú lọ́rì.

Mo ní: "Ẹ ó máa lọ rere, ẹ ó máa bọ̀ rere. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ohun tó ń pa awakọ̀ lójú ọ̀nà kò ní mọ orúkọ yín. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dogbó, ẹ ó fọwọ́ pa ewú."

Ó ń ṣe àmín, ọkọ rẹ̀ ń ṣe àmín. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ètè mi, àmín tirẹ̀ ló sì rinlẹ̀ jù. Mo gba àdúrà náà dé òpin, mi ò sì fo ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.